Fọ́máàtì kì í pa láísẹ́ńsì Windows

Wọ́n ń pín in kiri lórí WhatsApp pé tí wọ́n bá ti fọ́máàtì kọ̀ǹpútà, ìyẹn ni pé wọ́n pa gbogbo ohun inú rẹ̀ rẹ́, láísẹ́ńsì Windows rẹ̀ (àṣẹ láti lò ó) ti kú nìyẹn, àfi kí èèyàn ra òmíràn. Irọ́ ni. Ó dùn mí gan-an, torí àbúrò mi ti sanwó kọ́ọ̀dù láísẹ́ńsì tí kò nílò.

Láti ìgbà tí Windows 10 ti dé lọ́dún 2015, láísẹ́ńsì tó jẹ́ ojúlówó sábà máa ń so mọ́ ara ẹ̀rọ fúnra rẹ̀, àkọsílẹ̀ rẹ̀ sì wà lọ́dọ̀ Microsoft. Tí ẹ bá ń fi Windows sí i padà, tó bá ní kí ẹ tẹ kọ́ọ̀dù, ẹ tẹ “I don't have a product key”. Irú Windows tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni kí ẹ yàn, Home fún Home, Pro fún Pro. Ẹ tan íntánẹ́ẹ̀tì, yóò sì dá ẹ̀rọ náà mọ̀. Pípààrọ̀ motherboard, pátákó ńlá inú kọ̀ǹpútà tí àwọn ẹ̀yà yòókù so mọ́, ló sábà máa ń dá wàhálà sílẹ̀.