Èsì wa sí Ẹ̀gbọ́n tó ní a kọ ìkọkúkọ sára fọ́tò bàbá wọn

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. A rí ohun tí ẹ kọ nípa ṣọ́ọ̀bù wa, níbi tí a ti ń sọ fọ́tò àtijọ́ di fáìlì kọ̀ǹpútà, a dúpẹ́. Gbangba lẹ ti pè wá lẹ́jọ́, gbangba náà la ó ti rojọ́ tiwa, nítorí ẹni tó fẹ́ kó fọ́tò òbí rẹ̀ wá fún wa lọ́la ń ka ọ̀rọ̀ yìí. Kò yẹ kó máa rò pé àwa tí a wà ní Ìta-Ẹlẹ́wà, Ìkòròdú, ò mọ bí wọ́n ṣe ń kọ orúkọ èèyàn.

Ẹ fún wa ní ìràwọ̀ kan nínú márùn-ún. Ẹ ní orúkọ tí a kọ sára fáìlì fọ́tò ò ṣeé kà, ẹ ní a sọ fọ́tò kan di méjì kí owó lè gọntíọ, ẹ ní ọmọ iṣẹ́ wa fojú di yín. Ẹ ò sọ bí fọ́tò fúnra rẹ̀ ṣe rí o. Èyí tí bàbá yín dúró sí etí omi ní Ẹ̀bùté, tí òjò ti jẹ ìdajì rẹ̀, ẹ̀yin náà lẹ sọ nídìí káúńtà wa pé kò lè jáde mọ́. Ó jáde. Èèyàn lè ka ohun tí wọ́n kọ sára ọkọ̀ ojú omi tó wà lẹ́yìn wọn. Ìyẹn ò bọ́ sínú ẹ̀sùn.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 11 oṣù kẹta 2025, lẹ gbé álíbọ́ọ̀mù wá. Ọmọbìnrin tó ń jókòó sí káúńtà ló ka fọ́tò náà lójú yín, ó jẹ́ 140, ẹ sì fọwọ́ sí rìsíìtì. Ó bi yín léèrè bóyá kí a kọ orúkọ fáìlì pẹ̀lú àmì ohùn tàbí láìsí àmì. Ẹ ní, "Ẹ kọ ọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ Yorùbá." Ó kọ ọ̀rọ̀ yín sẹ́yìn rìsíìtì, ẹ̀dà rẹ̀ wà lọ́wọ́ wa. Ọjọ́ Ẹtì, 21 oṣù kẹta, lẹ gba fláàṣì, ẹ sì ní ká fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ sí ímeèlì yín. A dì í ní zip, ìyẹn fáìlì kan tí wọ́n ń di ọ̀pọ̀ fáìlì pọ̀ sínú rẹ̀, a fi ránṣẹ́ lọ́jọ́ náà. Zip yẹn lẹ ṣí. Orí Windows 7, ètò kọ̀ǹpútà tó ti pẹ́, lẹ sì ti ṣí i, àwòrán tí ẹ fi sábẹ́ ẹ̀sùn yín ló tú àṣírí ìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká wo àwòrán yẹn dáadáa. Níbi tó yẹ kí ẹ wà, ohun tó hàn ni ß║╣. Níbi tó yẹ kí ọ wà, ß╗ì ló wà níbẹ̀, ṣ náà sì di ß╣ú. Ta ló máa jókòó tẹ irú nǹkan bẹ́ẹ̀? Kọ̀ǹpútà kì í tọ́jú lẹ́tà, nọ́ńbà ló ń tọ́jú. Ní ìlànà UTF-8 tí íntánẹ́ẹ̀tì ń lò, nọ́ńbà mẹ́ta tó tẹ̀ léra ló dúró fún ẹ: E1, BA, B9 (bí àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà ṣe ń kọ nọ́ńbà nìyẹn). Ṣùgbọ́n zip ti wà kí UTF-8 tó dé, tábìlì lẹ́tà tí wọ́n ń pè ní 437 ló bá dàgbà, èyí tó bá kọ̀ǹpútà IBM jáde ní 1981. Lẹ́tà 256 péré ló wà nínú tábìlì yẹn, kò sí ẹ níbẹ̀, kò sí ọ, kò sí ṣ. Níbẹ̀, E1 ni ß, BA ni ║, B9 ni ╣. Ohun tí a kọ náà ló dé ọ̀dọ̀ yín, tábìlì tí kọ̀ǹpútà yín fi kà á ni kì í ṣe tirẹ̀. Ní 2006 ni wọ́n fi àmì kan kún ìlànà zip, tó ń sọ fún ẹni tó bá fẹ́ tú u pé UTF-8 ni wọ́n fi kọ orúkọ. Àmì yẹn wà lára zip tí a fi ránṣẹ́ sí yín. Ohun tí Windows 7 fi ń tú zip kì í wò ó. Láti Windows 8 ni Microsoft tó ni Windows ti tún un ṣe, wọ́n sì ti pa ìtọ́jú Windows 7 tì láti 14 oṣù kìíní 2020.

Ẹ ní a ò dán iṣẹ́ wa wò kí a tó gbé e fún yín. Ọ̀rọ̀ yẹn ló dùn wá jù. Kò sí software tó ń wọ ṣọ́ọ̀bù wa tí a kì í kọ́kọ́ fi fódà ìdánwò wò. Inú rẹ̀ ni Ẹ̀bùté.jpg wà, àti Ọ̀ṣọ́.jpg, àti Ṣàǹgó.jpg, àti orúkọ kan tí a fi Lárúbáwá kọ, tó ń ti ọ̀tún lọ sí òsì, nítorí àwọn álífáà máa ń kó ìwé wá fún wa. A ó ní kí software náà fi orúkọ yẹn pa fáìlì mọ́, a ó pa á, a ó tún un ṣí, a ó yí orúkọ padà, a ó kó o sí fláàṣì, a ó dì í ní zip, a ó tú u, a ó wá a, a ó pa á rẹ́. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú ni ìgbà tí wọ́n bá fẹ́ ṣí ohun tí àwọn fúnra wọn pa mọ́. Àwọn tó ti pẹ́ máa ń sọ ẹ di àmì ìbéèrè, bẹ́ẹ̀ Windows kì í gba àmì ìbéèrè nínú orúkọ fáìlì, nítorí náà wọn ò ní rí fáìlì yẹn láéláé. A ti sanwó software kan tó dára lójú, nítorí èyí la ṣe jù ú sílẹ̀. Owó wa ló lọ, kò kan oníbàárà kankan.

Ẹ wá ní ká yọ àmì kúrò bí gbogbo ayé ṣe ń ṣe. Nínú fọ́tò yín, Oko Bàbá.jpg wà, Ọkọ̀ Bàbá.jpg sì wà: ọ̀kan ni ilẹ̀ tí wọ́n ń dá, èkejì ni ọkọ̀ tí wọ́n fi ń ná Ìjẹ̀dé. Ẹ yọ àmì kúrò, méjèèjì á di Oko Baba.jpg. Fódà kan ò lè gba méjì. Ẹni tó bá yára tẹ "bẹ́ẹ̀ ni" nígbà tí kọ̀ǹpútà bá béèrè, ọ̀kan ti lọ nìyẹn, kò sì ní mọ èyí tó lọ.

Ti fọ́tò tó di méjì. Ọjọ́bọ̀, 3 oṣù kẹrin, lẹ gbé fláàṣì padà wá pé Ẹ̀bùté.jpg jẹ́ méjì nínú fódà kan náà. Ọmọ iṣẹ́ wa àgbà yẹ̀ ẹ́ wò níwájú yín. Unicode, ìlànà tó ń fún lẹ́tà gbogbo èdè ní nọ́ńbà, ní nọ́ńbà kan fún ẹ, ó ní ọ̀kan fún è, ṣùgbọ́n kò ní ẹyọ kan fún ẹ̀, kíkó jọ la ń kó o jọ. Nínú fáìlì tiwa, ẹ odindi ló wà, ohùn wá tẹ̀ lé e. Nínú èkejì, e lásán ni, lẹ́yìn náà àmì ìsàlẹ̀, lẹ́yìn náà ohùn. Ojú ò lè dá wọn mọ̀, ṣùgbọ́n orúkọ méjì ni wọ́n lójú Windows. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ wá rántí pé ọmọ yín gba fọ́tò náà sórí Mac rẹ̀, kọ̀ǹpútà Apple, tó ti pẹ́, ó gbé wọn sí Google Drive, ẹ sì sọ̀ wọ́n padà sínú fódà yẹn. Àwọn Mac tí kò ní ètò ìtọ́jú fáìlì tuntun ti 2017 máa ń tú lẹ́tà wa palẹ̀ bẹ́ẹ̀ fúnra wọn. Owó fọ́tò 140 lẹ san. Ẹ wo rìsíìtì.

Ọmọkùnrin tí ẹ ní ó fojú di yín, "Ẹ má bínú sà, kọ̀ǹpútà yín ló ti pẹ́" ló sọ. Àwọn tó wà níbẹ̀ gbọ́ "Ẹ má bínú sà" yẹn.

Síbẹ̀, ẹ gbé kọ̀ǹpútà náà wá. A ó fi 7-Zip, software tó ń tú zip, sí i lọ́fẹ̀ẹ́, zip yẹn á sì ṣí pẹ̀lú gbogbo orúkọ rẹ̀. A ó tún fi owó wa ra fláàṣì tuntun, a ó kó 140 sínú rẹ̀, a ó tẹ orúkọ wọn sórí ìwé fún yín. Bó bá ṣe èyí tí kò ní àmì lẹ ṣì fẹ́, a ó fi nọ́ńbà ṣáájú ìkọ̀ọ̀kan kí ọ̀kan má baà pa èkejì rẹ́, ẹ̀yin ó sì fọwọ́ sí i pé ẹ̀yin lẹ ní ká yọ ọ́.

Ìràwọ̀ kan yẹn, Windows 7 ló tọ́ sí. Ẹ bá wa gbé e lọ síbẹ̀.