Èsì wa sí Màmá tí ìjì gbé ilé ọ̀rá wọn lọ sórí ẹ̀gẹ́ ní Ìlíṣàn

Màmá, ẹ kú iṣẹ́ oko, ẹ sì kú ọ̀ràn ìjì yìí.

Ẹ fún wa ní ìràwọ̀ méjì. Ẹ ní ọjà jákujàku la tà fún yín, pé òjò kan ṣoṣo ló gbé odidi ilé ọ̀rá (ilé onípáìpù tí a fi ọ̀rá bò fún ohun ọ̀gbìn) ẹsẹ̀ bàtà 20 sí 10 kúrò lórí tòmátì yín, ní ilẹ̀ oko tí ẹgbẹ́ pín ní pílọ́ọ̀tì-pílọ́ọ̀tì lọ́nà Ìlíṣàn, tó sì gbé e ka orí ẹ̀gẹ́ ẹni tí ẹ jọ pààlà. Ẹ ní ẹnì kan sọ fún yín pé àfi kí ẹ da kọnkéré sí ẹsẹ̀ rẹ̀, ẹgbẹ́ tó ni ilẹ̀ ò sì gbà. Ẹ tún ní nígbà tí ẹ pè wá, ọmọ tó gbé fóònù dá yín lóhùn pé ìjì ò sí nínú gàràǹtí. Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo fẹ́ kọ́kọ́ bẹ̀bẹ̀ lé lórí. Òótọ́ ni pé ìwé gàràǹtí ò dárúkọ ìjì, ṣùgbọ́n ta ní ń fi irú ìyẹn kí ẹni tí nǹkan rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bàjẹ́? Ẹ má bínú, mà. Mo ti bá a wí.

Lọ́jọ́ Sátidé tí mo wá wo ibẹ̀ (ẹ ṣeun fún gàrí àti omi tútù, ẹ̀pà inú rẹ̀ nìkan tó oúnjẹ), ẹsẹ̀ ọ̀rá náà ni mo kọ́kọ́ wò, ìyẹn ibi tó yẹ kó wà nínú ilẹ̀. Erùpẹ̀ pupa Rẹ́mọ kì í parọ́. Ibi tó bá bá ọ̀rá dé, á fi àmì sí i. Àmì tí mo bá níbẹ̀ ò ju íǹṣì mẹ́rin lọ. Mo kọ́kọ́ fi ìka wọ̀n ọ́n, ojú tì mí láti gbà á gbọ́, mo tún fa téèpù yọ: íǹṣì mẹ́rin náà ni. Íǹṣì 18 ló yẹ kó jẹ́. Àwọn tó bá yín to ilé náà kàn fi ṣọ́bìrì wa ilẹ̀ bo etí rẹ̀ ni, wọn ò gbẹ́ kòtò kankan.

Mi ò sọ ọ́ láti fi sá fún ẹ̀bi, ti wa ń bọ̀ níwájú. Ẹni tó ń kọ́lé máa ń ro bí ilé ò ṣe ní wó. Ilé ọ̀rá kì í wó, fífò ló ń fò. Ẹ wo agbòòrùn lọ́wọ́ ẹni tó sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò ní Ṣágámù nígbà tí ìjì ń jà: òkè ni atẹ́gùn ń fà á lọ. Atẹ́gùn tó ń sáré kìlómítà 72 ní wákàtí kan máa ń fi agbára tó kìlógíráàmù 24 ti gbogbo mítà kan sí mítà kan tó bá dojú kọ. Ilé tiyín gba ilẹ̀ tó 18 irú rẹ̀. Bí atẹ́gùn bẹ́ẹ̀ bá wọ inú rẹ̀ tó wá ń ti òrùlé láti ìsàlẹ̀, bí ẹni tó fẹ́ gbé àpò símẹ́ńtì mẹ́jọ sókè lẹ́ẹ̀kan náà ni. Gbogbo páìpù yín lápapọ̀ ò wúwo tó àpò méjì.

Ṣùgbọ́n bí a bá gbẹ́ kòtò lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, ẹsẹ̀ bàtà kan ní ìbú, ẹsẹ̀ kan ààbọ̀ ní jíjìn, tí a jẹ́ kí etí ọ̀rá sọ̀ kalẹ̀ kó tún nà gbalaja sí ìsàlẹ̀ kòtò, tí a wá ń da ilẹ̀ padà díẹ̀díẹ̀, tí a ń fẹsẹ̀ kì í, erùpẹ̀ tó jókòó lé ọ̀rá yẹn á ju tọ́ọ̀nù méjì lọ. Kí ìjì wá gbé ìyẹn.

Ilẹ̀kùn náà dá kún un. Apá ìlà oòrùn ni ìjì wa ti sábà máa ń bọ̀, ní oṣù kẹta sí ìkarùn-ún, àti nígbà tí òjò bá fẹ́ kásẹ̀ nílẹ̀. Ẹnu ọ̀nà yín kọjú síbẹ̀ gan-an. Ìyẹn dáa, torí ibi tó tẹ́ẹ́rẹ́ lára ilé ló ń pàdé ìjì. Àmọ́ ó wà ní ṣíṣí lọ́jọ́ náà, ti ẹ̀yìn sì wà ní títì. Atẹ́gùn wọlé, kò rọ́nà jáde. Mo mọ ohun tó jẹ́ kí ẹ ṣí i: ooru. Bí inú ilé ọ̀rá bá ti gbóná kọjá ìwọ̀n 35 ti Sẹ́lísíọ̀sì, òdòdó tòmátì á máa já dànù láìso. Ẹ ṣí méjèèjì bí oòrùn bá mú, ẹ ti méjèèjì bí ojú ọ̀run bá ṣú. Ìkan ní ṣíṣí, ìkan ní títì, òun ló burú jù. Ta ló sì máa wà lóko tì í nígbà tí ẹ bá wà nílé ní Ìkẹ́nnẹ́? Torí ẹ̀ ni mo ṣe ń bá àwọn oníbàárà mi jiyàn pé kí wọ́n fi nẹ́ẹ̀tì ṣe ilẹ̀kùn méjèèjì, kí atẹ́gùn tó bá wọlé lè rọ́nà jáde. Ìlú olótùútù ni wọ́n ti ń sé ilé ọ̀rá pa pátápátá.

Afẹ́fẹ́ ti fẹ́, a ti rí fùrọ̀ adìyẹ. Ti adìyẹ wa nìyí. Níbi tí ọ̀rá ti kan irin lókè, ó ti pọ́n bíi tíì. Mo fi èékánná họ ọ́, ó rún bí ewé gbígbẹ. Oòrùn ló ń mú irin gbóná, irin á wá máa se ọ̀rá tó fara kàn án. Téèpù rírọ̀ kan wà tí a máa ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn páìpù kí èyí má ṣẹlẹ̀. Ó yẹ kó wà nínú páálí yín, kò sí níbẹ̀. Mo padà dé Ìjẹ̀bú-Òde, mo bá a lórí pẹpẹ wa, ó ti gba eruku. Bí ẹ bá tilẹ̀ ri etí ọ̀rá náà dáadáa, òkè rẹ̀ á pàpà ya. Ìwé tí a fi ń kọ́ni bí a ṣe ń tò ó náà, èdè òyìnbó lásán ni, kékeré ni wọ́n sì kọ íǹṣì 18 yẹn. Mo ti ń tún un kọ ní Yorùbá.

Ní ti kọnkéré tí ẹgbẹ́ ò gbà kí ẹ dà, ẹni tó ní ẹ gbọ́dọ̀ dà á ṣì yín lọ́nà. Ilẹ̀ ibẹ̀ níyanrìn nínú, irin lásán tí a bá gún wọ inú rẹ̀ á yọ bí abẹ́rẹ́ nínú mọ́ínmọ́ín. Búlọ́ọ̀kù mẹ́rin tó níhò ni kí ẹ wá. Ẹ gba wáyà nínú ihò rẹ̀, ẹ tẹ́ ẹ sí inú kòtò ẹsẹ̀ bàtà méjì ní igun kọ̀ọ̀kan, ẹ so wáyà mọ́ ẹsẹ̀ páìpù, ẹ da ilẹ̀ lé e. Lọ́jọ́ tí ẹgbẹ́ bá fẹ́ gba ilẹ̀, ẹ wú u.

Ọ̀rá tuntun àti téèpù, ọ̀fẹ́ ni, àwa la ó sì fà á. Páìpù méjì tó tẹ̀, ẹ̀yin ni ẹ ó san owó wẹ́dà. Ti ẹ̀gẹ́ tó kán, ẹ̀yin àti ẹni tó ni ín lẹ máa yanjú ẹ̀. Ìràwọ̀ méjì yẹn, a ò ní kí ẹ yọ ọ́.

Ọjọ́bọ̀ la ń bọ̀ bí òjò ò bá rọ̀. Nǹkan bí aago mẹ́wàá la máa fa ọ̀rá, kí oòrùn ti mú un rọ̀. Bó bá tutù lálẹ́, á le bí awọ ìlù, kò ní máa gbọ̀n pẹ́pẹ́ nínú atẹ́gùn, torí gbígbọ̀n yẹn ló ń ya á. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ ti gbẹ́ kòtò sílẹ̀, ṣùgbọ́n kí wọ́n má da ilẹ̀ padà o, àfi kí n fi téèpù wọ̀n ọ́n ná.