Ẹ yé fi okùn fa mọ́tò tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ há

Ẹ̀yin ará Abẹ́òkúta, ọ̀rọ̀ yìí ti ń ká mi lára tipẹ́, àmọ́ Peugeot 504 tí wọ́n so mọ́ ìdí lọ́rí ní Láfẹ́ńwá lọ́sẹ̀ tó kọjá ló já a. Mọ́tò tó ti jókòó sábẹ́ igi máńgòrò fún ọdún 6, wọ́n fi sí jíà kẹrin, wọ́n ní kí lọ́rí máa fà á kí ẹ́ńjìnnì lè yí tipátipá. Ó yí lóòótọ́, pẹ̀lú ariwo irin tó ń jẹ irin. Nígbà tí wọ́n ṣí i, ríìngì, irin róbótó tó yí písítìnì ká, ti ṣẹ́ wẹ́wẹ́, písítìnì kan, irin tó ń lọ sókè sódò nínú sìlíńdà, sì ti là. Mẹkáníìkì wá ń sọ fún onímọ́tò pé, "Bàbá, ó ti nọ́ọ̀kì, ẹ lọ ra tòkunbọ̀."

Kò nọ́ọ̀kì tẹ́lẹ̀! Okùn yẹn ló pa á.

Kí ni wọn ò ṣe béèrè bóyá ó ń rìn lọ́wọ́ ló kú, àbí orí ìdúró ló há sí? Èyí tí ọ́ìlì tán nínú rẹ̀ lójú ọ̀nà, béárìnì rẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ kránkì (irin gbọọrọ tí písítìnì ń yí nísàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì), ẹ tú u palẹ̀ ni. Àmọ́ èyí tó jókòó, ìpẹtà ló so ríìngì mọ́ ara sìlíńdà. Òjò gba ẹnu kábúrétọ̀ tí wọn ò dé wọlé, tàbí omi jò gba gáskẹ́ẹ̀tì tó ti jẹ.

Ẹ kọ́kọ́ tú bẹ́líìtì fáànù, nítorí ọ́tánétọ̀ tàbí pọ́ǹpù omi lè ti gan. Ẹ yọ orí bátìrì, kí ẹ wá yọ sítátà náà, eyín rẹ̀ máa ń há mọ́ eyín fláíwíìlì, irin ńlá róbótó tó wà lẹ́yìn ẹ́ńjìnnì. Ẹ́ńjìnnì tí ara rẹ̀ le ni wọ́n ń kó fún àwọn tó ń ra kọ́ńdẹ́ẹ̀mù nítorí sítátà lásán.

Tó bá ṣì há, ẹ yọ pláàgì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Èyí tí ẹnu rẹ̀ bá pẹtà ló ń fi sìlíńdà tó lẹ́jọ́ hàn yín. Ẹ po ATF, ọ́ìlì pupa tí wọ́n ń rọ sí jíà ọ̀tọ́máátíìkì, mọ́ acetone ní ìlàjì sí ìlàjì. Ẹ gbọn ìgò náà dáadáa kí ẹ tó dà á, torí wọn kì í pẹ́ pínyà. Síbí ìjẹun bíi 3 tó sìlíńdà kan. Iná ò gbọdọ̀ sún mọ́ ọn, kò sì gbọdọ̀ kan ọ̀dà mọ́tò.

Ẹ́ńjìnnì 504 dà sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ọ́ìlì á ṣàn jọ sísàlẹ̀, apá òkè ríìngì á gbẹ. Ẹ fi jáàkì gbé ẹ̀gbẹ́ tó dà sí sókè. Ẹ fi í sílẹ̀ ní ọjọ́ 3, ẹ bu sí i, ẹ tún fi í sílẹ̀. Ọ̀sẹ̀ 2 kò pọ̀ jù. Ẹ ṣí ìdérí òkè, kí ẹ rọ ọ́ìlì sí ọrùn fáàfù, torí fáàfù tó há ló ń tẹ pọ́ọ̀ṣì rọ́ọ̀dù, ọ̀pá tó ń ṣí fáàfù.

Ẹ wá fi sọ́kẹ́ẹ̀tì àti ọ̀pá gígùn yí kránkì láti iwájú, síwájú díẹ̀, sẹ́yìn díẹ̀. Bó bá yí bí ìbú èékánná, ẹ dúró, ẹ bu ọ́ìlì sí i. Bí nọ́ọ̀tì iwájú kránkì yẹn bá fẹ́ tú nígbà tí ẹ ń yí i sẹ́yìn, ẹ dẹwọ́. Tó bá sì di dandan kí ẹ ṣí òkè, ìyẹn orí ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀, ẹ rántí pé sílíìfù 504, ògiri sìlíńdà tó ṣeé yọ, kàn jókòó sínú omi ni. Ẹ fi bóòtì àti wáṣà ńlá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kí ẹ tó yí kránkì. Bó bá gbéra báyìí, omi á jò sínú ọ́ìlì.

Tó bá ti yí gbirigbiri, ẹ dá sítátà àti orí bátìrì padà, ẹ fi àkísà bo ojú ihò pláàgì kí ẹ tó lo sítátà, kí ẹ sì gbé ojú kúrò, torí ohun tó wà nínú rẹ̀ á tú jáde. Ẹ da ọ́ìlì àtijọ́ nù, acetone ti wọ inú rẹ̀. Ẹ rọ tuntun, bíi lítà 4, ẹ pààrọ̀ fíltà, ẹ da epo tó ti sá nínú táǹkì nù.

Àwọn kan á ní okùn ti ṣiṣẹ́ fún àwọn rí, tàbí pé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Abẹ́òkúta tó fún iṣẹ́ yẹn. Ríìngì tó ṣẹ́ kì í kúkú pariwo lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ẹ sì wo bíréèkì tó ti wà nílẹ̀ láti ọdún 6, ta ni yóò dá a dúró nísàlẹ̀?

Ohun kan ṣoṣo ló ń jẹ mí lọ́kàn. Bí kọ̀ǹpùrẹ́ṣọ̀n sìlíńdà kan, ìyẹn agbára tó fi ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀, bá kéré sí ti àwọn tó kù lẹ́yìn tó yí tán, tẹ́lẹ̀ màá ní kí ẹ ṣí òkè lójú ẹsẹ̀. Ní báyìí mo ti ń rò ó pé kí ẹ kọ́kọ́ rìn ín dé bíi kìlómítà 100, bóyá ríìngì yóò tú fúnra rẹ̀.