Jẹ̀díjẹ̀dí kọ́ ló ń ta yín láti ìbàdí dé ẹsẹ̀

Ẹ kàn di ìbàdí mú ní Ọjà Ọba l'Ákùrẹ́, kò ní pẹ́ tí ìyá alágbo kan á fi pè yín: "Bọ̀dá mi, jẹ̀díjẹ̀dí ni. Nǹkan dídùn ti pọ̀ lára yín. Ẹ mu èyí, ẹ ó yà á dànù."

Mi ò bá a jà, ọjà ló ń tà. Ṣùgbọ́n ìrora tó ti ìbàdí gba ìdí kọjá, tó ń ta dé ojúgun bíi pé iná mànàmáná gbé èèyàn, kò bá ṣúgà tan. Dísìkì ni ọ̀pọ̀ rẹ̀. Àárín eegun kan sí èkejì nínú ọ̀pá ẹ̀yìn ló wà: òde rẹ̀ yi, inú rẹ̀ rọ̀. Bí òde bá ya, inú á yọ síta, á sì tẹ iṣan ìmọ̀lára tó ń lọ sẹ́sẹ̀. Láti 1934 ni àwọn dókítà Mixter àti Barr ti kọ èyí sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà.

Ẹlòmíì á ní ewé lè yọ́ ọ. Wọ́n ti dán irú ẹ̀ wò! Inú oje ìbẹ́pẹ ni wọ́n ti fa chymopapain yọ, ẹ́ńsáìmù tó ń tú inú dísìkì. Dókítà Lyman Smith bẹ̀rẹ̀ sí í gún un fún èèyàn ní 1963. Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i ní 1982. Wọn kì í mu ún o. Abẹ́rẹ́ gígùn ni, X-ray ni wọ́n fi ń tọ́ ọ dé inú dísìkì gan-an. Síbẹ̀, kò lè tú eegun tó hù tẹ iṣan, agbára rẹ̀ kì í sì í ká èérún dísìkì tó ti já kúrò. Àwọn kan gba abẹ́rẹ́ tán, wọ́n ṣì padà ṣe iṣẹ́ abẹ. Ara àwọn mìíràn kọ̀ ọ́ débi pé ẹ̀mí wọn wà nínú ewu. Láti 2003, wọn ò tà á mọ́ ní Amẹ́ríkà. Japan fọwọ́ sí condoliase, ẹ́ńsáìmù mìíràn tó ń tú inú dísìkì, ní 2018. Òun náà, inú dísìkì ni wọ́n ń gún un sí.

Agbo inú ìgò wá fẹ́ gba ibo débẹ̀? Dísìkì àgbàlagbà, àárín rẹ̀ ò ní iṣan ẹ̀jẹ̀ tó máa gbé ohun tẹ́ ẹ mu débẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń jẹ ìbẹ́pẹ nítorí ẹ̀yìn, ẹ máa jẹ ẹ́, ó dùn. Oúnjẹ ni, ikùn á dà á.

Ohun tó ń gbé agbo níyì ni pé ìrora yìí sábà máa ń rọlẹ̀ fúnra rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ 6 sí 12. Ara ló ń jẹ èyí tó yọ síta run díẹ̀díẹ̀, agbo wá ń gba ọpẹ́.

Àmọ́ bí ìtọ̀ bá há, tàbí tí kò ṣeé mú dúró mọ́, bí abẹ́ àti ìdí bá kú, tàbí tí ẹsẹ̀ ò ṣeé gbé, ẹ má dúró lọ́dọ̀ alágbo kankan. Ọjọ́ yẹn gan-an ni kẹ́ ẹ dé ilé ìwòsàn ńlá, nítorí iṣẹ́ abẹ tó bá pẹ́ lè má dá agbára ìtọ̀ náà padà.