Ọwọ́ kan ò gbẹ́rù dórí, ẹ̀yin òbí

Inú ń bí mi, ẹ jẹ́ n sọ ọ́. Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo lọ mú ọmọ-ọmọ mi níléèwé kan ní Ṣágámù níbí, ni màmá kan bá wọlé tariwo-tariwo, ó ń kígbe mọ́ tísà báyọ́lọ́jì, "Ṣé torí kọ́mọ mi lè máa kó gọ́tà ni mo ṣe ń san skúùfíìsì?"

Ọwọ́ kan ò gbẹ́rù dórí. Bí ọwọ́ kejì ò bá gbè é, ilẹ̀ lẹrù ọ̀hún máa wà.

Kí ni tísà yẹn tiẹ̀ ṣe? Ó kọ́ wọn nípa ẹ̀fọn tán ní kíláàsì, ó wá kó wọn lọ sádùúgbò ẹ̀yìn iléèwé, wọ́n fi igò ike bu omi gọ́tà, wọ́n bu omi òjò tó dúró sójú ipa táyà mọ́tò. Mo ní kí ọmọbìnrin tí wọ́n ń tìtorí ẹ̀ jà jẹ́ n wo tiẹ̀. "Bàbá, ẹ wò ó, tanwíjí tinú gọ́tà dorí kodò, ti ipa táyà sùn gbalaja sójú omi, àwọn ti ipa táyà yìí ló ń di ẹ̀fọn tó ń kó ibà ranni." Mo ti lé lọ́gọ́ta ọdún, mi ò mọ̀ ọ́n rí! Wọ́n wá kó gọ́tà, wọ́n dí kòtò, ìyá eléwé kan ló tún fi kòtò tó burú jù hàn wọ́n, wọ́n wá padà lọ kọ gbogbo ẹ̀ sínú nótì. (Mi ò sọ pé kí tísà máa kó ọmọ lọ roko ara ẹ̀ o, ìrẹ́jẹ nìyẹn.)

Ṣé Ìkẹ́nnẹ́ jìnnà sí wa ni? Látìgbà tí Tai Solarin ti dá iléèwé Mayflower sílẹ̀ níbẹ̀ ní 1956, àwọn ọmọ ń kàwé, wọ́n sì ń fọwọ́ ṣiṣẹ́. Ìjọba náà dá ètò àgùnbánirọ̀ NYSC sílẹ̀ ní 1973, àwọn kọ́pà ń yọ ọjọ́ kan sọ́tọ̀ lọ́sẹ̀ fún iṣẹ́ ìlú, àmọ́ wọ́n ti kàwé tán kí wọ́n tó débẹ̀, ẹni tí ò gbá iwájú ilé bàbá ẹ̀ rí, kí ló fẹ́ mọ̀ níbẹ̀?

Ọmọ tá ò kọ́ ló ń gbélé tá a kọ́ tà. Ẹ̀yin náà lẹ máa ń múra lọ Ojúde Ọba ní Ìjẹ̀bú-Òde, ẹ̀ ń ya fọ́tò pẹ̀lú rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́, àwọn ẹgbẹ́ ọjọ́-orí kan náà, ṣé aṣọ nìkan lẹ rò pó kó wọn jọ ni? Wọ́n ń náwó-nára fún ìlú! Ẹ padà lọ bẹ tísà yẹn, kẹ́ ẹ sì ra bùùtù tọ́mọ yín máa fi kó gọ́tà fún un.