Ìgbàgbé yìí kì í ṣe ọ̀ràn àjẹ́

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ibi tí ẹ ti ní ogbó lásán ló ń fa àrùn ìgbàgbé tí wọ́n ń pè ní Alzheimer, mi ò fara mọ́ ọn. Dókítà Alois Alzheimer, ará Jámánì, ti ṣàpèjúwe rẹ̀ láti 1906: àrùn ọpọlọ ni. Ìyá àgbà kan ládùúgbò wa ní Kétu níbí máa ń fi iyọ̀ sọ́bẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, á tún máa bèèrè ọkọ rẹ̀ tó ti kú. Ṣùgbọ́n tó bá di oríkì ilé wọn, kò ní fo gbólóhùn kan. Ohun àná ló sábà máa ń kọ́kọ́ lọ, ti ìgbà èwe a máa pẹ́. Àwọn kan ti ń pè é lájẹ̀ẹ́ (ẹnu ayé!). Kò tíì sí oògùn tó ń wo àrùn náà sàn, àmọ́ ọmọ màmá yìí tó ń ṣọ́ ọ tọ̀sán-tòru ló ń ṣe mí láàánú jù. Ẹ jẹ́ ká máa bá a jókòó ti màmá, kó lè ráyè lọ sọ́jà. Àyájọ́ àrùn Alzheimer lágbàáyé ni 21 oṣù Kẹsàn-án. Kí àwọn rédíò wa fi Yorùbá ṣàlàyé rẹ̀ lọ́jọ́ náà.