Bátìrì Kọ́kọ́rọ́ Kú, Ọkọ̀ Ò Kú

Ohun tí a máa ń gbọ́ ni pé bí bátìrì inú kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ push start (ọkọ̀ tí a ń tẹ bọ́tìnnì láti sítáàtì) bá ti kú, ó parí nìyẹn: ilẹ̀kùn ò ní ṣí, ẹ́ńjìnnì ò ní sítáàtì, àfi kí èèyàn wá ọkọ̀ tí yóò wọ́ ọ lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì. Àwọn mìíràn tiẹ̀ máa ń fi kún un pé bí wọ́n bá yọ bátìrì yẹn pẹ́nrẹ́n, gbogbo ohun tó wà lórí kọ́kọ́rọ́ náà á parẹ́, wọ́n á sì gbowó lọ́wọ́ yín kí wọ́n tó tún un ṣètò. Irọ́ olówó ńlá ni méjèèjì.

Ohun tó jẹ́ kó dà bí òótọ́ ni pé iṣẹ́ méjì ni kọ́kọ́rọ́ yẹn ń ṣe, ọ̀kan ṣoṣo la sì ń rí. Bí ẹ bá fọwọ́ kan ọwọ́ ilẹ̀kùn, ọkọ̀ á fi ìgbì rédíò kan pe kọ́kọ́rọ́. Ìgbì náà lọ sílẹ̀ púpọ̀, nǹkan bíi 125 kHz, kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ kọjá mítà kan sí ọ̀kan ààbọ̀. Kọ́kọ́rọ́ inú àpò yín á gbọ́ ìpè náà, á ta jí, á sì fèsì lórí ìgbì tó ga ju ìyẹn lọ dáadáa: 315 MHz fún ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tó ti Amẹ́ríkà wá, 433 MHz fún ti Yúróòpù. Kì í kàn ṣe "èmi nìyí" ló ń sọ o. Ọkọ̀ á ju nọ́ńbà kan sí i tí ẹnikẹ́ni ò lè mọ̀ ṣáájú, kọ́kọ́rọ́ á fi àṣírí tó wà láàrin àwọn méjèèjì ṣe ìṣirò, á dá èsì padà. Bí èsì bá bára mu, ilẹ̀kùn ṣí. Fífèsì yìí ló ń jẹ bátìrì. Bí bátìrì bá kú, kọ́kọ́rọ́ ò lè dáhùn láti inú àpò mọ́.

Ṣùgbọ́n ṣíìpù (chip) kan wà nínú kọ́kọ́rọ́ kan náà tí kò bá bátìrì da nǹkan pọ̀ rárá. Òun ló ń jẹ́rìí fún ẹ́ńjìnnì pé ẹni tó fẹ́ gbé ọkọ̀ yìí kì í ṣe olè. Ó ti wà kí push start tó gbòde. Láti 1998 ni wọ́n ti sọ irú ààbò yìí di dandan fún ọkọ̀ tuntun ní Ìlú Ọba. Ẹni tó bá ti gẹ́ kọ́kọ́rọ́ tòkunbọ̀ lẹ́bàá ọ̀nà rí á mọ̀ ọ́n: kọ́kọ́rọ́ tuntun ṣí ilẹ̀kùn, ó yí nínú ihò rẹ̀, ẹ́ńjìnnì ò dá a lóhùn. Irin pé, ṣíìpù ni kò sí níbẹ̀.

Níbo wá ni ṣíìpù yẹn ti ń rí iná? Lára ọkọ̀ fúnra rẹ̀. Wáyà kan tí wọ́n yí róbótó wà lẹ́yìn bọ́tìnnì push start, tàbí níbòmíràn nítòsí awakọ̀. Bí kọ́kọ́rọ́ bá sún mọ́ ọn tó, ìwọ̀n sẹ̀ǹtímítà díẹ̀ péré, agbára òòfà tó ń jáde lára rẹ̀ á di iná mànàmáná nínú wáyà wẹ́wẹ́ inú kọ́kọ́rọ́, ṣíìpù á sì fi ṣiṣẹ́. Ọgbọ́n kan náà ló wà nínú káàdì Cowry tí àwọn ará Èkó fi ń wọ bọ́ọ̀sì BRT. Ta ló ti pààrọ̀ bátìrì Cowry rí?

Nítorí náà, bí ó bá ṣẹlẹ̀ sí yín, ẹ wo ẹ̀gbẹ́ kọ́kọ́rọ́: ohun kékeré kan wà níbẹ̀ tí ẹ ó fà tàbí tẹ̀, irin kọ́kọ́rọ́ á sì jáde. Ẹ fi ṣí ilẹ̀kùn awakọ̀. Nínú àwọn ọkọ̀ kan, ike ni wọ́n fi bo ihò rẹ̀ lára ọwọ́ ilẹ̀kùn, ẹ ó ṣí ike náà. Ó ṣeé ṣe kí ọkọ̀ fi igbe ta nítorí kò tíì rí ṣíìpù; ẹ jẹ́ kí àwọn aládùúgbò máa wò yín, ẹ wọlé. Ẹ tẹ bíréèkì, kí ẹ fi kọ́kọ́rọ́ kan bọ́tìnnì. Ní ti Toyota, ẹ̀gbẹ́ tí àmì ilé iṣẹ́ wà ni ẹ ó kọ sí i. Bó bá ti dún, ẹ tẹ bọ́tìnnì láàrin ìṣẹ́jú-àáyá 10. Ọ̀pọ̀ BMW fi àmì sí ara òpó sítíáríǹgì, Ford sábà máa ń ṣe ààyè fún un níbi tí ẹ ń gbé ife sí tàbí nínú àpótí àárín ìjókòó. Ìwé ọkọ̀ yín á sọ ibẹ̀.

Bí dáṣíbọ́ọ̀dù bá ṣókùnkùn pátá, tí ẹ ò gbọ́ ju "kẹ́-kẹ́-kẹ́" lọ, bátìrì ńlá ọkọ̀ ló kú. Ẹ má bá kọ́kọ́rọ́ jà.

Ní ti pé ó máa gbàgbé ohun tó wà lórí rẹ̀: ibi tí àṣírí yẹn wà kò nílò iná láti pa á mọ́. Fún ọ̀pọ̀ ọkọ̀, CR2032 tàbí CR1632 ni bátìrì náà. Nọ́ńbà rẹ̀ wà lára èyí tó kú. Ẹ ṣí i, ẹ pààrọ̀ rẹ̀, ó tán.

Irọ́ yìí ní àbúrò kan: pé bí kọ́kọ́rọ́ bá kúrò nínú ọkọ̀ tó ń lọ, ẹ́ńjìnnì á kú. Kò rí bẹ́ẹ̀. Bí ọkọ yín bá sọ̀kalẹ̀ ní Ìkẹjà pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ lápò, ọkọ̀ á pariwo, á kọ ìkìlọ̀ síwájú yín, ṣùgbọ́n yóò gbé yín dé Ìbàdàn. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀ ni, torí ẹ́ńjìnnì tó bá kú lójijì lórí eré á sọ sítíáríǹgì àti bíréèkì di líle. Ìgbà tí ẹ bá pa á n'Íbàdàn ni ẹ ó tó mọ̀ pé ẹ ti há.

Ibi kan ṣoṣo tí mo gbà pé ìbẹ̀rù yìí lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ ni push start tí ríwáyà bá fi sí ọkọ̀ tí kò bá a wá láti ilé iṣẹ́. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ò ní wáyà òòfà kankan lẹ́yìn bọ́tìnnì. Èyí tó tún burú ni pé, kí ẹ́ńjìnnì lè gbà, wọ́n sábà máa ń fi ṣíìpù kọ́kọ́rọ́ gidi pamọ́ sábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù. Ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ ti fi ẹlẹ́rìí ọkọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ de olè.